Orí Keje: Bí A Ṣe Ń De Bákóò Mọ́ Katakata Kékeré

Lẹ́bàá odò kan ní ọ̀nà Ẹdẹ ni mo ti rí i. Katakata kékeré kan ń gbẹ́ adágún ẹja níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí adágún náà ń wọ́ kiri bí ipa ejò. Ọmọkùnrin tó jókòó sórí ẹ̀rọ mọ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n. Bó bá ti fa bọ́kẹ́ẹ̀tì sára, gbogbo bákóò á tẹ̀ sí ọ̀tún, á sì fi nǹkan bí ìka méjì yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Mo ní kó pa ẹ́ńjìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ìdí ẹ̀rọ. Nínú pín-ìn mẹ́rin tó yẹ kó de bákóò mọ́ katakata, méjì péré ló kù. Bóòtù ọjà ni wọ́n fi rọ́pò méjì yòókù, bóòtù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ihò rẹ̀ lọ.

“Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ni ọmọkùnrin náà wí. “A rò pé ilẹ̀ ló le ni.”

Ilẹ̀ kọ́. Ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ fi yé yín ni pé ìdí katakata ni kòtò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ìdè bá le tó sì dọ́gba, ẹni tí kò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀rọ á gbẹ́ ilẹ̀ tó gún. Bí ìdè bá ń mì, ọ̀gá pátápátá kò ní í gbẹ́ ẹ gún. Ní Ifẹ̀ tiwa níbí, ọ̀rọ̀ ìka méjì yìí tún ju ti kòtò tó wọ́ lọ. A ó débẹ̀ kí orí yìí tó parí.

Ẹ mọ ẹ̀yà ara rẹ̀

Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún yín síwájú, kí ẹ fi wo bákóò. Èjìká yín ni ibi tó ti ń yí sí òsì àti sí ọ̀tún. Láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́ ni apá òkè. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́ ni apá ìsàlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ ká mọ́ra ni bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìka yín sì ni eyín rẹ̀. Sìlíńdà ni iṣan tó ń mú apá ṣiṣẹ́, epo háídírólíìkì sì ni ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tún wà tó ń là sí ẹ̀gbẹ́, èyí tí a fi ń ti ilẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa yí dànù.

Ọgbọ́n yìí kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1948 ni ilé iṣẹ́ Wain-Roy ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, ta bákóò oníháídírólíìkì àkọ́kọ́ wọn, tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn katakata Ford 8N. Ní 1953, JCB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so bákóò ẹ̀yìn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Irú ti JCB yìí, tí wọ́n bí gbogbo rẹ̀ pọ̀, ni ẹ máa ń rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì. Irú ti 1948 ni à ń sọ níbí: a dè é, a lò ó, a tú u, kí katakata lè lọ túlẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Àǹfààní rẹ̀ nìyẹn. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn, nítorí pé ohun tí a ń tú tí a ń dè ni a lè dè burúkú.

Ìdè méjì ló wà

Ìdè kìíní ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ mẹ́ta ẹ̀yìn katakata, ọwọ́ tí Harry Ferguson gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ ìtúlẹ̀. Iṣẹ́ ìtúlẹ̀ ló bá a mu lóòótọ́, nítorí pé ohun ìtúlẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé katakata ni. Bákóò kì í wọ́ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Ó ń tì, ó ń fà, ó ń gbé. Ọwọ́ mẹ́ta lágbára láti gbé nǹkan sókè, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ katakata kò sí ohun tó ń dì í mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fi bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ líle, bákóò lè gbéra nílẹ̀ lódindi, kó ká wá síwájú, kó sì fún ẹni tó jókòó mọ́ irin ààbò ẹ̀yìn àga awakọ̀. Kí onítọ̀hún tó pariwo, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ìdè kejì ni férémù abẹ́. Irin gígùn méjì ni, tó gba abẹ́ katakata láti ìdí lọ sọ́nà iwájú, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara rẹ̀. Orí férémù yìí ni bákóò ń jókòó lé. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá fà, ìdí katakata àti iwájú rẹ̀ á jọ pín ẹrù náà. Láìsí férémù, ilé jíà ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa jẹ gbogbo ìyà, katakata kékeré kò sì ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ilé jíà á sán, owó àtúnṣe rẹ̀ á sì mú kí owó férémù dà bí owó àkàrà. Férémù ni kí ẹ rà.

Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan tàn yín pé òun á fi àjákù irin gbé férémù kalẹ̀ fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ibi tí ihò bóòtù wà lára irú katakata yín gan-an ni férémù gbọ́dọ̀ bá mu. A kì í sì í jó irin mọ́ ilé jíà láé.

Bó bá jẹ́ ti ọwọ́ mẹ́ta lẹ ti rà, ẹ kọ́kọ́ wọn pín-ìn rẹ̀. Katakata kékeré sábà máa ń gba pín-ìn 22 mm nísàlẹ̀ àti 19 mm lókè. Àwọn tó tóbi díẹ̀ ń gba 28 mm àti 25 mm. Pín-ìn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò gbàgàdà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjàmbá. Ẹ fa ṣéènì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì le, ẹ lo ọ̀pá òkè tó nípọn dáadáa, kí ẹ sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan lífà ọwọ́ mẹ́ta níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí àga bákóò.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Orí kankéré tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ tí òjò ti mu kò lè gbé ẹsẹ̀ bákóò dúró. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́:

- ìwé atọ́nà katakata àti ti bákóò;
- sípánà àti sókẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú sípánà oníwọ̀n tó ń sọ bí bóòtù ṣe le tó;
- òòlù, ọ̀pá irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu, àti pákó méjì tó nípọn;
- gíríìsì pẹ̀lú ìbọn rẹ̀;
- epo háídírólíìkì irú èyí tí ìwé dárúkọ, aṣọ tó mọ́, àti páálí ńlá kan;
- ìbọ̀wọ́, dígí ojú, àti ohun tí bíríkìlà fi ń wo bóyá ògiri dọ́gba.

Ẹ wo táyà. Afẹ́fẹ́ òsì àti ọ̀tún gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bákóò á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìwúwo pẹ̀lú. Bákóò lẹ́yìn máa ń mú iwájú katakata fúyẹ́, bí iwájú bá sì fúyẹ́, sìtíárì kò ní í gbọ́ràn. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀lé ni pé nínú gbogbo ìwúwo katakata àti ohun tó gbé, ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 gbọ́dọ̀ wà lórí táyà iwájú. Bí katakata yín bá ní bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ẹ má yọ ọ́. Òun ló ń dá ẹ̀yìn lóhùn. Bí kò bá ní, ẹ gbé irin ìwúwo tí wọ́n ṣe fún un kọ́ iwájú rẹ̀.

Ìdè gan-an, ní ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án

1. *Ẹ tú ẹ̀yìn katakata.* Ẹ yọ ọ̀pá òkè, ọ̀pá PTO (ọ̀pá tó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì lọ yí ẹ̀rọ ẹ̀yìn) tó bá wà níbẹ̀, irin tí a fi ń wọ́ tírélà, àti ọwọ́ ìsàlẹ̀ méjèèjì bí ìwé bá ní kí ẹ yọ wọ́n. Ẹ kó pín-ìn wọn sínú agolo kan, kí ẹ dé e. Pín-ìn tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí táyà lónìí, inú iyẹ̀pẹ̀ lẹ ó ti wá a lọ́la.

2. *Ẹ de férémù.* Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtù wọlé kí ẹ tó fún ẹyọ kan le. Bí ẹ bá fún ti àkọ́kọ́ pa, ihò ti ìkẹrin kò ní í bá a mu mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún wọn ní òdìkejì òdìkejì, títí sípánà oníwọ̀n á fi dé iye tí ìwé sọ. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tínrín láti orí bóòtù dé ara férémù. Bí bóòtù bá yí lọ́jọ́ iwájú, ìlà á yapa, ojú yín á sì rí i. Lẹ́yìn wákàtí 10 àkọ́kọ́ tí ẹ bá ti lò ó, ẹ tún gbogbo rẹ̀ fún.

3. *Ẹ wo bí bákóò ṣe dúró.* Orí ẹsẹ̀ méjèèjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wà, pẹ̀lú pákó lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ fara ti ògiri tàbí igi.

4. *Ẹ fi ẹ̀yìn katakata wọlé.* Jíà tó lọ́ra jù ni kí ẹ lò. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa júwe, ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ ti lè rí i ni kó sì dúró sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà láàárín katakata àti bákóò nígbà tí katakata bá ń rìn, ìbáà ṣe ọmọ ìyá ẹni. Ẹ dúró nígbà tó bá ku nǹkan bí ìwọ̀n apá kan láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka. Ẹ ki jíà sí òfo, ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kalẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

5. *Ẹ so họ́ọ̀sì.* Èyí ní apá tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó so ó.

6. *Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.* Ẹ fi lífà ẹsẹ̀ àti ti apá òkè gbé bákóò sókè tàbí sọ ọ́ sílẹ̀ títí ìkọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi bá irin ìdábùú férémù dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fọwọ́ kan lífà, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

7. *Ẹ jẹ́ kí ìkọ́ ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ mú.* Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà nílẹ̀ tí ẹ sì fi apá fa ilẹ̀ díẹ̀, bákóò á sún mọ́ katakata fúnra rẹ̀. Òsì àti ọ̀tún gbọ́dọ̀ jókòó pa. Bí ọ̀kan bá mú tí èkejì kò mú, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ tún un wọlé. Ẹ má fi òòlù bẹ̀ ẹ́.

8. *Ẹ ki pín-ìn òkè.* Ẹ tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí bákóò lè dìde, títí ihò òkè rẹ̀ á fi bá ti férémù pàdé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ki pín-ìn. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ fi yẹ ihò wò, kì í ṣe ìka. Bí irin bá yọ̀ díẹ̀ péré, á gé ìka bí ẹni gé ilá. Pín-ìn tó wọlé dáadáa kì í béèrè ju kí a fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ìdènà rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìṣó kì í ṣe ìdènà, wáyà náà kì í ṣe ìdènà.

9. *Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè.* Ní báyìí, férémù nìkan ló gbé bákóò. Ẹ rìn yí i ká. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Ẹ rí i pé họ́ọ̀sì kankan kò há sáàárín irin méjì, kò sì fara kan táyà.

Epo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni epo ń gbà dé bákóò. Àwọn kan ń gba epo lára katakata fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ní pọ́m̀pù àti táńkì tiwọn, tí PTO ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ ti PTO, ẹ de ṣéènì tí kì í jẹ́ kí ara pọ́m̀pù bá ọ̀pá yí, kí ẹ má sì yọ ohun ààbò tó bo ọ̀pá náà. Aṣọ ẹni ni ọ̀pá PTO máa ń kọ́kọ́ mú, ara ló máa ń tẹ̀lé e.

Họ́ọ̀sì méjì ló ṣe pàtàkì: èyí tó ń gbé epo lọ síbi iṣẹ́ àti èyí tó ń dá a padà sí táńkì. Ọmọṣẹ́ mi kan pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì, lífà kankan kò dáhùn, pọ́m̀pù sì ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú oòrùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè pa á, tí síìlì kò fi bẹ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dà pupa ni mo ń kùn sí ẹnu họ́ọ̀sì tó ń gbé epo lọ àti sí ẹnu ibi tó ń wọ̀, funfun sì ni ti èyí tó ń bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á mọ pupa yàtọ̀ sí funfun.

Kí ẹ tó so họ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti kú. Ẹ ti gbogbo lífà síwá sẹ́yìn kí ipá tó kù nínú epo lè jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu họ́ọ̀sì kò ní í gbà kí ẹ tì í wọlé. Ẹ nu ẹnu méjèèjì pẹ̀lú aṣọ tó mọ́. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń bo gbogbo nǹkan, ẹ má ṣí ìdérí ẹnu họ́ọ̀sì títí ẹ ó fi fẹ́ so ó. Eruku kékeré tí ojú kò rí lè ha inú fáàfù. Bí ẹ bá ti ti họ́ọ̀sì wọlé, ẹ fà á padà láti dán an wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní bákóò kò lágbára, họ́ọ̀sì tí kò wọlé tán ló fà á.

Lẹ́yìn ìdè, afẹ́fẹ́ wà nínú epo. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ na sìlíńdà kọ̀ọ̀kan dé òpin, kí ẹ ká a padà, ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá á máa ta gìrìgìrì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti jáde tán, á máa lọ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wo epo táńkì lẹ́yìn èyí, nítorí pé sìlíńdà ti mu lára rẹ̀. Bí epo bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Ipá epo inú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń tó 2,000 sí 2,500 psi, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 30 psi ni afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ kékeré. Epo tó bá ń tú jáde láti ojú ihò bí abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé. Nítorí náà, a kì í fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò. Páálí ni a fi ń wá a: ẹ nà án síwájú họ́ọ̀sì, ẹ ó rí ibi tó ti rin. Bí epo bá gún ẹnikẹ́ni, ojú ibẹ̀ kò ní í jọ egbò, ó lè má tilẹ̀ dùn ún púpọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi ọ̀ràn náà falẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, OAUTHC ni tiwa ní Ifẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo háídírólíìkì ló wọ ara. Bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó là á, ọwọ́ náà lè lọ.

Títò rẹ̀ kó gún

*Mìmì.* Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, kí ẹnìkan rọra máa yí apá sí òsì àti ọ̀tún, kí èkejì dúró lókèèrè, kó máa wo ojú gbogbo ìdè, ìkọ́ ìsàlẹ̀ àti pín-ìn òkè. Férémù àti bákóò gbọ́dọ̀ jọ máa lọ bí nǹkan kan. Bí àlàfo bá ń ṣí tó ń dé, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ pín-ìn, ẹ wò ó. Bí pín-ìn bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí búùṣì ihò ló jẹ, ẹ pààrọ̀ búùṣì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló ní àlàfo, ẹ fi wọ́ṣà irin tó nípọn tó dí i. Èyí gan-an ni àìsàn bákóò ọ̀nà Ẹdẹ.

*Dídọ́gba.* Ẹ gbé ohun ìdọ́gba bíríkìlà lé ara férémù bákóò, ní ìdábùú. Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi inú rẹ̀ á fi dúró láàárín. Ẹ̀rọ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan á máa fẹ́ yí sí ẹ̀gbẹ́ náà fúnra rẹ̀, kòtò rẹ̀ á sì dàgẹ̀rẹ̀. Kí táyà ẹ̀yìn fúyẹ́, ṣùgbọ́n kó má kúrò nílẹ̀, àyàfi bí ìwé bákóò yín bá sọ ohun mìíràn.

*Ẹsẹ̀.* Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ padà wá wò ó. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti rọ̀, síìlì sìlíńdà rẹ̀ tàbí fáàfù rẹ̀ ń jò nínú. Ẹ má fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbẹ́ ibi tó dàgẹ̀rẹ̀.

*Lífà.* Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà sáàárín fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ wo ọ̀pá kékeré tó so ó mọ́ fáàfù, ó lè ti tẹ̀ tàbí kó nílò gíríìsì. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo bákóò ni ètò lífà wọn bára mu. Ẹni tó mọ ti ọ̀kan gbọ́dọ̀ tún kọ́ ti èkejì.

*Fáàfù ipá.* Òun ló ń sọ fún epo pé, “Ó tó.” Bí apá kò bá lágbára, ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yá láti fún un le. Ẹ má jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo epo, fílítà àti họ́ọ̀sì. Láìsí géèjì lára họ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáàfù náà. Ipá tó bá kọjá iye inú ìwé á tẹ pín-ìn, á bẹ́ họ́ọ̀sì, á sì sán férémù tí ẹ fi owó gidi rà.

Àìsàn àti oògùn rẹ̀

- *Apá lọ́ra, pọ́m̀pù ń ké:* epo kéré, tàbí fílítà ti dí.
- *Gbogbo lífà kú:* họ́ọ̀sì ti pààrọ̀, tàbí lífà tó ń fún bákóò lépo lára katakata kò sí níbi tó yẹ kó wà.
- *Epo ń gbóná jù:* ẹ ń di lífà mú nígbà tí sìlíńdà ti dé òpin, tàbí ẹ ń bá àpáta jà.
- *Katakata ń sún sẹ́yìn bí ẹ bá ń gbẹ́:* bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú kò tẹ ilẹ̀, tàbí ilẹ̀ tí ẹ ń bù lẹ́ẹ̀kan pọ̀ jù.
- *Oríkèé ń han:* gíríìsì. Gbogbo wákàtí 8 sí 10 ni kí ẹ máa fún gbogbo oríkèé ní tirẹ̀.

Rírìn àti títú

Òkè pọ̀ ní Ifẹ̀, ọ̀nà wa sì ní gèrè. Kí ẹ tó rìn, ẹ ká apá mọ́ra, ẹ ki pín-ìn tí kì í jẹ́ kó yí, ẹ ti ìkọ́ apá òkè, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tán. Ẹ má sáré. Bó bá jìnnà, ẹ gbé e sórí tírélà.

Títú jẹ́ ìdè tí a kà láti ìparí. Ẹ wá kankéré, ẹ sọ ẹsẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ sórí pákó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ pín-ìn òkè. Ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì, ẹ rọra gbé ìkọ́ ìsàlẹ̀ kúrò. Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tú ipá epo dànù, ẹ yọ họ́ọ̀sì, ẹ dé ẹnu wọn. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wa katakata jáde. Ẹni tó bá gbàgbé họ́ọ̀sì kan á já a, á sì ra òmíràn.

Bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ ní Ifẹ̀

Ilẹ̀ wa ń tan ènìyàn jẹ. Ilẹ̀ dúdú díẹ̀ á wà lókè, tí ọkọ́ lásán lè kó. Lábẹ́ rẹ̀, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ló sábà máa ń tẹ̀lé e, kí amọ̀ pupa tó dé. Ẹ fi eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì ha yangí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ẹ má ki gbogbo ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà òjò, ẹ má gbé ẹ̀rọ sún mọ́ etí kòtò, nítorí pé amọ̀ tó ti mu omi máa ń ya láìkìlọ̀. Kí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jìnnà sí etí kòtò ní 60 cm ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú kòtò tó jìn tó mítà kan àbọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ifẹ̀ lónìí. Ní 1957, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, ni wọ́n bá tún kan àwọn ère idẹ mìíràn. Irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ṣọ́bìrì tó bá kan idẹ, ọwọ́ ẹni tó dì í mú á gbọ́. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tó ń bú kò lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ní.

Ohun tó ṣeé ṣe jù kí ẹ rí ni ilẹ̀ alápáàdì. Ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Àwọn àpáàdì náà kì í sùn, ńṣe ni wọ́n tò wọ́n ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ wọn sókè, àwọn kan sì rí bí egungun ẹja. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́sẹẹsẹ, òkúta kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má hú u, ẹ má kó o fún ẹnikẹ́ni. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà nítòsí ààfin ní Ẹnuwá. Òfin tó dá àjọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ yìí sílẹ̀ ní 1979 ní kí a fi irú àwárí bẹ́ẹ̀ tó wọn létí.

Mo padà sí ọ̀nà Ẹdẹ ní ọjọ́ kẹta. Ọmọkùnrin yẹn ti ra pín-ìn tó bá ihò mu, ó ti fi wọ́ṣà dí àlàfo ẹ̀gbẹ́, etí adágún rẹ̀ sì gún bí okùn tí bíríkìlà ta. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà wo ibi tí ilẹ̀ alápáàdì kan ṣì wà, mo sì fi ìka wọn bí àpáàdì náà ṣe ga tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò ju ìka méjì lọ.